"Inú" ni, kì í ṣe "ọkàn"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kéwú dáadáa, torí náà mo lè ka ọ̀rọ̀ orin Páṣíà (èdè Ìráànì tí wọ́n ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ), àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ń dà mí rú. Fóònù mi túmọ̀ "delam barāt tang shode" sí "ọkàn mi ti di tóóró nítorí rẹ." Ṣé àìsàn ló ń ṣe olórin náà ni? Kí sì ni "jāt khāli"? (Olùkà láti Pàkátà, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Àìsàn kọ́ o. Ohun tó ń wí ni pé "àárò rẹ ń sọ mí." "Del" ló ṣi fóònù yín lọ́nà. "Inú" ni kí ẹ máa fi túmọ̀ rẹ̀, nítorí ará Ìráànì tí inú ń run náà á ní "delam dard mikone." Inú tó ń run yẹn náà ni àárò ń mú kó há: "-m" ni "mi," "tang" ni kí nǹkan há, "barāt" ni "nítorí rẹ."

Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ "delam gerefte." Ìyẹn kò ní ẹni tó ń retí, ìbànújẹ́ kàn bò ó ni. "Gerefte" yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún ojú ọjọ́ tó ṣú, ó sì bá a mu gidigidi.

"Tanhā" ni ẹni tó dá wà. "Bikas" wúwo jù ú lọ: "bi" ni "láìsí," "kas" ni "ẹni," aláìlẹ́ni gan-an nìyẹn.

"Jāt khāli": àyè rẹ ṣófo. Ohun tí wọ́n máa sọ fún ọ̀rẹ́ tó wà ní Ọ̀fà tí kò lè wá síbi wòlímọ̀ ní Ìlọrin nìyẹn: ká ní o wà níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ ọ̀yàyà lásán ni lẹ́nu ọ̀rẹ́; nínú orin ló ti ń di ẹkún. Tó bá jẹ́ àgbà ni, "jātun khāli" ni, bí àwa ṣe ń sọ "yín" dípò "rẹ."

"Jātun" yẹn, "jāyetān" ló jẹ́ nínú ìwé. Lẹ́nu ará Tehran, "ān" sábà máa ń di "un": "bārān," òjò, di "bārun." Bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ nínú ìwé atúmọ̀ tí ẹ ò rí i, ẹ dá "un" padà sí "ān" kí ẹ tún un wá. Wọn kì í sì í kọ fáwẹ̀lì kúkúrú: "gol," òdòdó, àti "gel," ẹrẹ̀, ìkọ̀wé kan náà ni wọ́n ní, gbólóhùn ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má gba inú èdè Gẹ̀ẹ́sì kọjá. "U" wọn kò yan ọkùnrin tàbí obìnrin, bí "ó" tiwa gẹ́lẹ́. Gẹ̀ẹ́sì á fi tipátipá yan ọ̀kan. Ẹ kọ "ó" sílẹ̀, kí olólùfẹ́ inú orin náà wà bí olórin ṣe fi í sílẹ̀.