Kí a fún ọmọ lóògùn, àbí kí a má fún un?

Àǹtí mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní dókítà sọ pé ADHD, ìyẹn ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí nǹkan tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́, ló ń yọ ọmọ yín ọmọ ọdún 8 lẹ́nu, ó sì kọ oògùn methylphenidate fún un, ẹ̀rù wá ń bà yín. Ó ba èmi náà nígbà ọmọkùnrin tèmi. Á lu àbúrò rẹ̀, á fọ́ nǹkan, lẹ́yìn náà á ká jọ sí kọ̀rọ̀, á máa sunkún pé òun ò mọ ohun tó ṣe òun.

Dókítà tiwa ò sáré kọ oògùn. Ó yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, ó béèrè bóyá ó ń hanrun lóru, bóyá wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ nílé ìwé. Ọmọ tí kì í sùn dáadáa, tàbí tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete, lè máa ṣe bí alágídí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì bi yín ní irú ìbéèrè yìí, ẹ ní sùúrù ná.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà ni pé oògùn yìí kì í pẹ́ fi ara hàn. Láàárín wákàtí kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Irú èyí tí kì í pẹ́ lára á ti kúrò lẹ́yìn bíi wákàtí 4. Àwọn oògùn ADHD mìíràn ò rí bẹ́ẹ̀: atomoxetine ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, wọn kì í sì í ṣàdédé dá clonidine dúró, nítorí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè ga lójijì.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti olùkọ́ rẹ̀ jọ kọ ohun tí a máa ṣọ́ sílẹ̀: ìjà, iṣẹ́ àṣetiléwá, oorun. Láìsí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹbí ni yóò máa tì yín síwá sẹ́yìn.

Ìjà dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀sán ń padà wálé bó ṣe lọ, ọmọ sì ń rù. A wá ń bọ́ ọ yó kó tó lo oògùn láàárọ̀, a tún ń fún un lóúnjẹ gidi lálẹ́ tí oògùn bá ti kúrò lára. Wọ́n ń wọn gíga rẹ̀ àti bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó, wọ́n ń yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n fi kún oògùn náà, ńṣe ló kàn ń wò sùn-ùn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo figbe ta, wọ́n sì dín in kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ dára.

Oògùn nìkan ò kápá ìbínú rẹ̀ o. Àwa òbí lọ kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ ní ṣókí, tí a sì ń yìn ín lójú ẹsẹ̀ tó bá ṣe dáadáa.

Ẹ bi ọmọ yín fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Tèmi ní òun ti wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ dópin. Kí ẹ sì tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ẹ gba ọjọ́ tí ẹ máa jọ tún ọ̀rọ̀ oògùn yìí gbé yẹ̀ wò.