Ẹ Bi Ọ̀gá Onígìtá: Bátìrì Tó Ń Kú Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yàn lóṣù yìí. Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sú mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

*Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Olókùn márùn-ún ni, ó sì ń lo bátìrì. Bí a bá fi bátìrì tuntun sí i ní Sátidé, á dún bí ó ṣe yẹ títí a ó fi túká lọ́jọ́ Ìsinmi. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi kejì, kí a tó dé orí ijó ọrẹ, ohùn rẹ̀ á ti máa fọ́, á máa ha bí ọ̀fun ẹni tó ń wúkọ́, lẹ́yìn náà á dákẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá wa tún un ṣe ní ìparí ọdún tó kọjá ní píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ló ti kú, pé kí a wá owó òmíràn. Ìgbìmọ̀ ti fẹ́ dá owó. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Béèsì, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ọmọ mi, sọ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n fi owó wọn sápò ná. Píkọ́ọ̀pù kì í kú lọ́jọ́ Ìsinmi kó tún jí ní Sátidé nítorí pé ẹnìkan ra bátìrì. Òun ni ohun tó wà lábẹ́ okùn, tó ń gba ìró wọn. Kí ló wà nínú rẹ̀? Mágínẹ́ẹ̀tì, àti wáyà bàbà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ tí wọ́n wé yí i ká lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Kò sí ohun tó ń yí níbẹ̀, kò sí ohun tó ń jó. Gìtá tó ń dùn dáadáa pẹ̀lú bátìrì tuntun ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara píkọ́ọ̀pù òun le.

Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà rẹ ni mo padà sí lẹ́ẹ̀mejì: “ẹni tó bá wa tún un ṣe ní ìparí ọdún tó kọjá.” Kí ló tún ṣe nígbà náà? O ò sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé jáàkì ni, ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá. Tú u, fà á jáde pẹ̀lẹ́, kí o sì ka ẹsẹ̀ tí wọ́n lè jó wáyà mọ́ lára rẹ̀.

Ó yẹ kí jáàkì gìtá oníbátìrì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan ń gbé ohùn jáde. Ọ̀kan lọ sí áàtì, ìyẹn ibi tí gbogbo irin inú gìtá ti pàdé. Wáyà dúdú láti ara bátìrì ló wà lórí ẹ̀kẹta. Nígbà tí o bá ki wáyà bọ̀ ọ́, ọrùn irin gígùn tó wà lẹ́nu wáyà náà á kan ẹsẹ̀ áàtì àti ẹsẹ̀ bátìrì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, preamp inú gìtá, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí bátìrì ń bọ́ láti gbé ohùn rẹ̀ ga, á sì jí. Bí o bá fa wáyà yọ, bátìrì á sinmi. Jáàkì yẹn gan-an ni suwíìṣì rẹ̀. Kò sí òmíràn níbì kankan lára gìtá náà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onígìtá kò fi mọ̀ pé ó ní suwíìṣì rárá.

Jáàkì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló pọ̀ jù lórí tábìlì àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, ó sì dínwó. Bí oníṣẹ́ tí kò bìkítà bá fi ìyẹn rọ́pò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wáyà dúdú kò níbi tó máa lọ mọ́. Kí ló máa ṣe? Á jó o mọ́ áàtì. Gìtá á dún, oníbàárà á yọ̀, ọ̀gá á gbowó. Ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, preamp kò ní sùn mọ́, ì báà wà nínú àpò rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá akọrin.

Wo ìṣirò rẹ̀. Bátìrì 9V alikaláìnì tó dára máa ń gbé nǹkan bí 500 mAh. Ká ní preamp tìrẹ ń jẹ 3 mA, ìyẹn 3 mAh ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Pín 500 sí ọ̀nà 3, wákàtí 166 ni. Wákàtí mélòó ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan? 168. Ṣé o rí ẹni tó ń jẹ bátìrì yín kí ẹ tó dé orí ijó ọrẹ? Àwọn preamp mìíràn wà tí kì í jẹ tó 1 mA, ìyẹn á sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bátìrì olówó pọ́ọ́kú kì í ní agbára tó alikaláìnì, nítorí náà ìyẹn á tètè kú.

Kí o tó jó ohunkóhun, dán an wò báyìí. Yọ wáyà, yọ bátìrì. Yí mítà oníná, èyí tó ní wáyà ẹlẹ́nu méjì, sí ibi tó ti ń ké bí irin méjì bá so pọ̀. Fi ẹnu kan kan irin tí wáyà dúdú bátìrì wà, fi ẹnu kejì kan bríìjì, irin tí okùn dúró lé nísàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ ké. Ki wáyà bọ jáàkì, má ki ẹnu kejì rẹ̀ bọ áńpù. Ó gbọ́dọ̀ ké nísinsìnyí. Bí ó bá ń ké nígbà tí kò sí wáyà nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ ti tẹ olè.

Ra jáàkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Fi àyọ́ọ̀nù 40W jó o, kì í ṣe ti tíńkà tó ń jó páànù. Jẹ́ kí irin jáàkì àti wáyà gbóná pọ̀ kí o tó fi lẹ́ẹ̀dì kàn wọ́n. Lẹ́ẹ̀dì tí a ń pè ní 60/40 máa ń yọ́ ní nǹkan bí 190°C, kò nílò ìbínú. Má fẹnu fẹ́ ẹ. Tẹ́ aṣọ sára gìtá pẹ̀lú. Ẹ̀kán lẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó já lé gìtá pupa oníbàárà kan ní 1996 gba owó oṣù kan lọ́wọ́ mi, ọ̀gá mi ní Mushin kò sì dá kọ́bọ̀ sí i.

Tó bá wá jẹ́ pé jáàkì náà pé ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí mítà kò sì ké, ẹ̀yin akọrin ni mo ní ọ̀rọ̀ fún. Mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì tó pọ̀ tí béèsì wọn ń dúró láti ọjọ́ Ìsinmi dé ọjọ́ Ìsinmi tòun ti wáyà lẹ́nu, bí ọmọ tó sùn pẹ̀lú ọmú. Ẹ fà á yọ. Ní ti ohùn tó ń fọ́ kó tó dákẹ́, ebi ni: bí 9V bá ti sọ̀ sí bíi 7V, preamp kò ní àyè tó máa gbé ohùn ńlá gbà mọ́, okùn tó nípọn jù ló sì máa ń kọ́kọ́ fọ́.

*Ẹ ǹlẹ́ o. Béèsì tiwa kò lo bátìrì. Ó ń kùn gan-an, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kan okùn, á dákẹ́. Bí a bá wá tan jẹnẹrétọ̀, tí ètè mi sì kan máìkì, iná máa ń gbé mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gé wáyà tó lọ sí bríìjì, pé iná kò ní rí ọ̀nà mọ́. — Adarí Orin, Òṣogbo*

Ẹ má gé nǹkan kan, sà. Ẹ má sì ta gìtá náà nídìí máìkì títí oníná yóò fi dé.

Ọ̀rọ̀ méjì lẹ so pọ̀. Ti kíkùn kéré: bí ó ṣe ń dákẹ́ tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn, ẹ̀rí ni pé wáyà bríìjì wà láàyè. Ara yín ló ń kó ariwo iná inú ilé jọ, okùn sì ń gbé e lọ sí áàtì. Ohun tó ṣẹ́kù ni pé kí ẹ fi téèpù bàbà bo inú ihò tí àwọn pọ́ọ̀tì, ìyẹn ohun tí nọ́ọ̀bù ń yí nínú gìtá, wà, kí ẹ jó wáyà kan láti ara rẹ̀ sí áàtì, kí ẹ sì ṣọ́ra kó má kan ẹsẹ̀ jáàkì tó ń gbé ohùn. Tó bá jẹ́ irú Jazz Bass onípíkọ́ọ̀pù méjì ni, ẹ ṣí fọ́lúùmù méjèèjì dé òpin, kíkùn á lọ sílẹ̀, torí wọ́n ṣe ìkejì ní òdì sí ti àkọ́kọ́ kí ariwo wọn lè pa ara wọn.

Ti iná tó ń gbé yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ gìtá. Áńpù tàbí míkísà ni kò ní áàtì tòótọ́, ìyẹn wáyà tó so irin rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Mo sábà máa ń rí i pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kẹta lára púlọ́ọ̀gì kó lè wọ ibi tí wọ́n ń fẹ́, tàbí kí áńpù máa jẹun lára jẹnẹrétọ̀ kan, kí míkísà máa jẹ lára òmíràn. Bí ẹ bá di okùn mú tí ètè yín sì kan máìkì, ẹ̀yin ni afárá. Lóṣù Karùn-ún 1972, ní Swansea ní Wales, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan máìkì tí kò ní áàtì lórí ìtàgé, gìtá wà lọ́rùn rẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí. Ẹni ọdún 27 ni.

Bí ẹ bá gé wáyà bríìjì, irin jáàkì àti irin ara nọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀ tí ọwọ́ yín yóò máa kàn, gìtá á sì tún máa kùn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ẹ gbé mítà sí fóòtì AC, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irin, kí ẹ fi ẹnu kan kan okùn, ìkejì kan orí máìkì. Bí ó bá ń ka ogún, ọgbọ̀n, àádọ́ta fóòtì, ẹ pa gbogbo rẹ̀. Ẹ pe oníná kó ri irin áàtì mọ́lẹ̀, kí gbogbo ẹ̀rọ sì máa jẹ láti ojú kan ṣoṣo.

*Bí mo bá yí nọ́ọ̀bù fọ́lúùmù, ó ń ṣe kàràkàrà. Ṣé kẹrosíìnì dára fún un? — Aláìnísùúrù, Ṣàgámù*

Rárá o. Kẹrosíìnì á fi òróró sílẹ̀, eruku á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ra agolo ohun tí wọ́n fi ń fọ ojú iná lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe, fún un díẹ̀ sínú pọ́ọ̀tì láti ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì yí nọ́ọ̀bù síwá sẹ́yìn bí ogún ìgbà. Bí kò bá gbọ́, pààrọ̀ rẹ̀. Béèsì tí kò lo bátìrì sábà máa ń gba 250k. Ti fọ́lúùmù, A ni kí o béèrè, má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé B fún ọ. Bí gìtá rẹ bá ń lo bátìrì, ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn èyí tí o yọ, kí o ra irú rẹ̀ gan-an.

*Bàbá mi ta béèsì nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní Ìbàdàn kí wọ́n tó di olóògbé. Gìtá wọn wà lọ́dọ̀ mi ní Peckham, kò dún mọ́. Oníṣẹ́ kan níbí fẹ́ kó gbogbo ohun inú rẹ̀ dànù kó fi tuntun sí i. Bàbá máa ń sọ pé tuntun làwọn rà á ní 1979, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé àlòkù ló jẹ́. Mo tú u wò, mo rí 1377823 lẹ́yìn pọ́ọ̀tì. — Ọmọ Onígìtá, London*

Ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Ẹ má jẹ́ kó kó ohunkóhun dànù. 137 ni àmì CTS, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe pọ́ọ̀tì. 78 ni ọdún 1978. 23 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Bí wọn kò bá tíì pààrọ̀ pọ́ọ̀tì náà rí, gìtá yẹn kò lè ti wà kí ìgbà yẹn tó pé, nítorí náà ó rọrùn kó jẹ́ tuntun ní 1979. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn sí àwọn ẹ̀gbọ́n yín létí.

Kí oníṣẹ́ náà fi mítà wọn píkọ́ọ̀pù. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n wé wáyà rẹ̀ sójú kan ṣoṣo, á ka bíi 7k tàbí 8k; tí kò bá ka nǹkan kan, wáyà inú rẹ̀ ti já, àwọn tó ń tún un wé sì wà ní ìlú yín. Ṣùgbọ́n jáàkì ni kó kọ́kọ́ wò. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń tú, jáàkì á máa yí nínú, á sì fọ́ wáyà lọ́rùn. Ohunkóhun tó bá yọ, kápásítọ̀ kékeré pẹ̀lú, kó kó o sínú àpòòwé fún yín. Bí ó bá dún, ẹ kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá okùn tí bàbá lò kẹ́yìn ló ṣì wà lórí rẹ̀.