Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ìyá Oníjàpá: Ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ ná, ẹ wo rọ́bà epo

Lẹ́tà yín lórí mọ́tò Volkswagen Ìjàpá pọ̀ lóṣù yìí, mo dúpẹ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ríìmù àti aṣọ ìjókòó ni. Ẹ má bínú, mi ò ní dáhùn ìyẹn. Ẹni tó bá ń wá àwọ̀ tó yẹ Ìjàpá rẹ̀, kó bi àwọn ará ilé ẹ̀ léèrè. Àwọn tí mo mú síbí ni èyí tó kan ohun tó lè dáná sun mọ́tò náà, tàbí tó lè dá ènìyàn dúró sójú ọ̀nà lọ́sàn-án gangan.

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Bàbá mi tó ti dolóògbé fi Volkswagen Ìjàpá kan sílẹ̀ fún mi. Tuntun ni wọ́n rà á lọ́dún 1977, lára àwọn tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti wà lójú kan. Mo ti bá ẹni tó ń fín ọ̀dà sọ̀rọ̀, a ti fẹnu kò lórí owó. Ṣé kí n kùn ún ná, àbí kí n kọ́kọ́ ra bátìrì kí n wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́? — Àkọ́bí, Òṣogbo

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Fi owó ọ̀dà yẹn pamọ́. Bátìrì pàápàá, má tíì rà á. Bí bátìrì bá ti wà nílé, ọwọ́ rẹ ò ní gbélẹ̀, wàá yí kọ́kọ́rọ́ ṣáá ni.

Rọ́bà epo ni kó o kọ́kọ́ wò. Iwájú ni táńkì Ìjàpá wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, páìpù irin kan ló gba abẹ́ mọ́tò kọjá tó so wọ́n pọ̀. Irin yẹn kì í sábà dáràn. Ibi tí rọ́bà wà lẹ̀rù wà: lábẹ́ táńkì, níbi tí páìpù ti yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, àti láàárín póńpù epo àti kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn. Rọ́bà tí kò ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ á ti gan, á ti sán. Epo tuntun ló máa ń tú àṣírí ẹ̀, á wá máa kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítòsí disitíríbútọ̀ tó ń ṣáná. Mágnísíọ̀mù pọ̀ nínú irin tí wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn. Bí iná bá lè ràn mọ́ ọn, ńṣe ni omi máa ń mú kó le sí i.

Nítorí náà, má yẹ rọ́bà kankan wò pé bóyá ó ṣì dára. Kó gbogbo ẹ̀ dànù. Bó o bá dé Agodi Gate n'Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ bó o bá ń lọ sí Èkó, sọ fún wọn pé rọ́bà epo tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5 lo fẹ́. Wọ́n lè gbé èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì fún ẹ. Má gbà á. Ooru ẹ́ńjìnnì á mú kó gan, á sì yọ kúrò lẹ́nu páìpù. Fi kílíìpù dè é lórí àti nídìí. Ẹ rántí February 2022, nígbà tí wọ́n kó epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú ẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí mọ́tò ń kú káàkiri. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a máa jẹ rọ́bà. Láti ìgbà yẹn, ọdún méjì méjì ni mò ń pààrọ̀ tèmi, bó jò o, bí kò jò o.

Kó o tó kúrò níbẹ̀, fi ìka méjì di páìpù idẹ kékeré tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀ mú, kó o gbìyànjú láti yí i. Bó bá yí, á já bọ́ lọ́jọ́ kan, póńpù á sì máa tu epo sórí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Gbé kábúrétọ̀ náà lọ bá ẹni tó lè fi í mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Fílítà epo oníke tí àwọn mẹkáníìkì máa ń so rọ̀ sókè ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ni kó o fi sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ ẹ̀, lápá ọ̀tún, ni ilé bátìrì. Sípíríǹgì irin ló wà nínú ìjókòó yẹn. Bí bátìrì tó o bá rà bá ga jù, tí kò sì ní ìdérí, ọjọ́ tí ẹni tó wúwo bá jókòó lé e ni sípíríǹgì á kan orí ẹ̀, tìmùtìmù á sì gbiná. Ìwọ tó ò ń wakọ̀ lọ níwájú lo máa gbẹ̀yìn mọ̀. Nígbà tó o bá máa wá rà á, wọn gíga àtijọ́ lọ sọ́jà, kó o sì fi rọ́bà tó nípọn bo orí ẹ̀. Wo ilẹ̀ ibẹ̀ náà: ásíìdì ti máa ń jẹ ẹ́ títí tí wàá fi máa rí títì láti orí ìjókòó.

Ẹ́ńjìnnì ló wá kù, ìyẹn ò sì le. Tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó o wá fi sípánà 21 yí nọ́ọ̀tì ojú púlè jẹnẹrétọ̀, ìyẹn wíìlì tí bẹ́líìtì wà lórí ẹ̀. Bó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, máa yọ̀. Bó bá há, má fipá mú un. Tún kán ọ́ìlì sí i, kó o ní sùúrù. Da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Lítà 2.5 péré ló ń gbà, kò sì ní fílítà ọ́ìlì rárá. Asẹ́ irin kan ló wà nísàlẹ̀ tí nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà dì mú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ ní kìlómítà 5,000, láìyẹ̀ ẹ́. Bó o bá ń dá àwọn nọ́ọ̀tì yẹn padà, rọra. Àwọn tó ń di wọ́n bí ẹni ń di nọ́ọ̀tì táyà àkẹ́rù ló ń fa sítọ́ọ̀dù, irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, tu kúrò lára ẹ́ńjìnnì.

Bírèkì, mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ẹ̀. Kí mọ́tò náà tó kọjá ẹnu géètì, pààrọ̀ omi bírèkì àti gbogbo rọ́bà bírèkì, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà níbẹ̀. Bó o bá sì gbé e sókè, má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tì í. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ra sítáǹdì irin méjì, owó ẹ̀ ò tó ìdá kan owó ọ̀dà tó o ti fẹ́ san.

Ìyá Oníjàpá, mo kí yín o. Ìjàpá tèmi, ti 1969 ni. Bí mo bá ń lọ sí Ọ̀yọ́, kí n tó dé Fìdítì, agbára ẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, òórùn ọ́ìlì á gba inú mọ́tò. Mẹkáníìkì mi yọ àwọn páánù tó bo ẹ́ńjìnnì, ó ní wọ́n ń sé ooru mọ́ ọn. Ó tún fi igi gbé ìdérí ẹ̀yìn sókè kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Kò yàtọ̀. — Bàbá Ìbejì, Mọ́níyà, Ìbàdàn

Bàbá wa, ẹ kú ìrìn. Lónìí náà ni kẹ́ ẹ ní kí mẹkáníìkì yẹn kó páánù yín padà wá, kó tó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ohun tó yọ yẹn gan-an ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù.

Ìjàpá ò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn nìkan ló ń tù ú. Fáànù orí jẹnẹrétọ̀ ń fa atẹ́gùn wọlé láti ojú ihò tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn, á tì í gba inú àpótí páánù bà lé sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó bá ti gbóná á gba abẹ́ mọ́tò jáde. Àwọn páánù tó yí ẹ́ńjìnnì ká, àti rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ etí wọn, ló ń pààlà láàárín òkè tó tutù àti ìsàlẹ̀ tó gbóná. Ọdún pípẹ́ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì tíì rí àpẹẹrẹ tó dáa ju èyí lọ: bẹ́ ẹ bá yọ ààlà yẹn, ooru tí ẹ́ńjìnnì tu jáde tán ni fáànù á tún máa fà mu. Igi tẹ́ ẹ fi gbé ìdérí sókè náà, ẹ yọ ọ́. Bí rọ́bà etí páánù bá sì ti jẹrà, ẹ ra òmíràn.

Ẹ jẹ́ kó wo inú àpótí fáànù dáadáa pẹ̀lú. Eku a máa kọ́lé síbẹ̀, àkísà tí mẹkáníìkì gbàgbé sórí ẹ́ńjìnnì a sì máa fà wọbẹ̀.

Sílíńdà kẹta ni kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Nínú mọ́tò 1969, kúlà ọ́ìlì, ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù, dúró gan-an lójú ọ̀nà atẹ́gùn tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, èyí tó ti gbóná díẹ̀ ló ń kàn án. Ìgbà tó di mọ́dẹ́ẹ̀lì 1971 ni Volkswagen ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúlà náà kúrò níbẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì 1600. Nítorí ẹ̀, fáàfù èéfín ti sílíńdà kẹta ló máa ń kọ́kọ́ jó, agbára tẹ́ ẹ sọ pé ó ń lọ sílẹ̀ yẹn sì ń fu mí lára. Ẹ ní kí wọ́n wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, bí sílíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn mọ́ra sí, ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ fi ti ẹ̀kẹta wé ìyókù.

Mo fẹ́ bi yín: ta ló ṣe tápẹ́ẹ̀tì yín, ìyẹn àlàfo fáàfù, kẹ́yìn? Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìdájí, kí wọ́n tó tan mọ́tò rárá, ni wọ́n máa ń ṣe é. Mìlímítà 0.15 ni àlàfo mẹ́jọ̀ọ̀jọ. Mẹkáníìkì tí kò bá ní fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, ẹ má jẹ́ kó ṣí i. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé títí ariwo á fi lọ ni wọ́n á máa di tápẹ́ẹ̀tì, oní-mọ́tò á sì máa yìn wọ́n pé ẹ́ńjìnnì òun dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń pa á. Bí àlàfo ò bá sí, fáàfù ò ní lè padé dáadáa, ooru ara ẹ̀ ò sì ní rí ibi bọ́ sí. Kó máa ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó ku bẹ́líìtì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, kó wọlé bíi mìlímítà 15. Bó bá dẹ̀ jù, ẹ tú nọ́ọ̀tì ojú púlè, ẹ yọ wáṣà kan láàárín púlè méjèèjì, ẹ fi sí ìta púlè níbẹ̀ kó má baà sọnù. Bí iná pupa jẹnẹrétọ̀ bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ má rò pé bátìrì á ṣì gbé yín délé. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí fáànù. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ fi bẹ́líìtì tuntun àti sípánà 21 tẹ́ ẹ ti kó sínú mọ́tò ṣe é.

Mẹkáníìkì mi ní kí n yọ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mi, kí n gbé ti Toyota sí i, pé wàhálà á tán. Kí lẹ rí sí i? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú-Òde

Níbo ni mẹkáníìkì rẹ máa gbé rédíétọ̀ sí? Bí ó bá ti dáhùn ìyẹn, kó tún sọ ẹni tó máa bá a so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ọn. Toyota dára. Lọ ra Toyota, kó o ta Ìjàpá fún ẹni tó fẹ́ ẹ.

Ẹ káàsán, màmá. Peckham ni mò ń gbé, Ìjàpá 1972 ni mo ní. Wọ́n ní epo tí wọ́n ń tà níbí báyìí ń ba mọ́tò àtijọ́ jẹ́. Wọ́n tún ní mi ò nílò MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún tí ìjọba ibí ń béèrè, mọ́. Ṣé kí n máa yọ̀ ni? — Àbúrò yín ní Lọ́ńdọ̀nù

Òótọ́ ni ti epo. Láti September 2021 ni E10 ti di epo gbogboogbò níbẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ lè jẹ́ ẹtánọ́ọ̀lù, bàbá kan náà ló bí òun àti mẹ́tánọ́ọ̀lù tí mo bá ará Òṣogbo sọ. Epo súpà tó jẹ́ E5, tí ẹtánọ́ọ̀lù inú ẹ̀ kéré sí ti E10, ni kó o máa rà, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Rọ́bà epo tí wọ́n kọ SAE J30 R9 sí lára, àmì pé ẹtánọ́ọ̀lù ò ní tètè jẹ ẹ́, ni kó o fi pààrọ̀ ti àtijọ́. Ìwọ ò tiẹ̀ ní jìyà bíi tiwa lórí ọ̀ràn páàtì, nítorí July 2003 ni wọ́n tó ṣe Ìjàpá tó gbẹ̀yìn, ní Puebla ní Mẹ́síkò.

Ti MOT, láti May 2018 ni wọ́n ti yọ̀ǹda fún mọ́tò tó bá ti lé ní ogójì ọdún tí wọn ò sì yí i padà púpọ̀. Ìjọba ló yọ̀ǹda o, ìpẹtà ò yọ̀ǹda fún ẹnì kankan. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù a máa jẹ irin abẹ́ ilẹ̀kùn Ìjàpá láti inú wá síta. Fi owó ara rẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, kí wọ́n bá ẹ wo abẹ́ ẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Táyà àpòjù mi níwájú ń rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Fọkanáísà mẹ́ta ti tì í bọ omi, kò sẹ́ni tó rí ihò. Ìdílé wa ti ń sọ pé ó lọ́wọ́ ayé nínú. — Ẹni Tó Sú, Abẹ́òkúta

Kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Tọ́pa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu fáàfù táyà yẹn, wàá rí i pé ìgò omi tó ń fọ gíláàsì iwájú ló já sí. Kò sí mọ́tò iná kankan tó ń tu omi yẹn nínú Ìjàpá. Atẹ́gùn táyà àpòjù ló ń tì í jáde. Ní gbogbo ìgbà tó o bá fọ gíláàsì, táyà lò ń lò. Fáàfù kékeré kan yẹ kó wà lójú rọ́bà náà tó máa ń pa ara ẹ̀ dé kí táyà má baà rọ̀ tán. Bí ìyẹn bá ti bàjẹ́, tàbí tí ìdérí ìgò ò pa dáadáa, atẹ́gùn á máa jò lọ lóru àti lọ́sàn-án. Yọ rọ́bà yẹn kúrò lẹ́nu táyà, fẹ́ atẹ́gùn sí táyà náà títí géèjì á fi dé 42 psi, kó o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí kò bá rọ̀, ara ìgò àti rọ́bà ni kó o ti fi omi ọṣẹ wá ibi tó ń hó.