Owó Bíréésì Ọmọdé: Ẹ Béèrè Ohun Tó Wà Nínú Iye Tí Wọ́n Pè

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 12 ni ọmọbìnrin mi, eyín òkè rẹ̀ sì gun ara wọn. Ilé ìwòsàn kan pe owó fún wa, èkejì pe ohun tí kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Bíréésì onírin kan náà, èyí tí wọ́n fi ń to eyín, ni àwọn méjèèjì fẹ́ fi sí i. Ṣé ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni? — Ìyá Mosún, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Mosún, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀kánjúwà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá kan iṣẹ́ náà péré ni ẹni tó pe owó kékeré ń díyelé.

Kí dókítà tó lẹ ohunkóhun mọ́ eyín, ó máa ń ní kí wọ́n ya X-ray: èyí tó ń fi gbogbo eyín àti egungun àgbọ̀n hàn, àti èyí tí wọ́n ń yà láti ẹ̀gbẹ́ orí. Wọ́n á wọn ẹnu ọmọ, wọ́n á fọ eyín rẹ̀. Bí àyè ò bá sí lẹ́nu, wọ́n lè yọ eyín àgbà, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ilé ìwòsàn kan á ka gbogbo èyí mọ́ iye tó pè, òmíràn á gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lẹ bírákẹ́ẹ̀tì, irin kéékèèké tó ń jókòó sójú eyín, wọ́n á sì fi wáyà so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ náà sábà máa ń gbà tó oṣù 18 sí 24. Bí ọmọ bá ń padà lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n lè pààrọ̀ wáyà àti rọ́bà, ìbẹ̀wò 17 sí 26 nìyẹn láàárín oṣù 24. Ká ní ₦10,000 ni wọ́n ń gbà nígbà kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ sì lọ nígbà 20, ₦200,000 ti gun orí iye àkọ́kọ́, láìka owó ọkọ̀.

Ìparí iṣẹ́ ni owó ti máa ń bá òbí lójijì jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ irin, eyín ò tíì fìdí múlẹ̀ dáadáa nínú egungun. Bí ọmọ ò bá lo ríténà, ike tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀, eyín á tún máa fà padà síbi tó ti wá. Lójú tiwa, ẹni tí kò ka ríténà mọ́ owó tó pè kò tíì pe owó tán. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ṣe òmíràn pẹ̀lú, torí ó máa ń sọnù: ọmọ á yọ ọ́ nígbà oúnjẹ, á fi tíṣù wé e, wọ́n á gbá a dànù mọ́ ìdọ̀tí. Omi tútù ni kẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná á jẹ́ kó ká kò, kò sì ní wọ ẹnu mọ́.

Bírákẹ́ẹ̀tì tó bá já náà lè ní owó tirẹ̀. Eegun, gúgúrú, kókóró, yìnyín, àti àgbàdo tí ọmọ ń fi eyín ge lára ṣùkù ló ń já a jù. Eyín tí irin já lára rẹ̀ kò ní sún bó ṣe yẹ, iṣẹ́ á sì falẹ̀.

Bọ́wọ́ ò bá tó o, ẹ gba ẹ̀ka tó ń to eyín ní UCH lọ. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ilé ìwòsàn OAU ní Ilé-Ifẹ̀ náà ní tiwọn. Owó ibẹ̀ sábà máa ń dín sí ti aládàáni, àmọ́ ẹ ó dúró lórí ìlà. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá iye náà ò ní yí padà, torí òkè òkun ni irin àti wáyà wọ̀nyí ti ń wá.

Ìbéèrè: Àyè wà láàárín eyín iwájú ọmọ mi, ọmọ ọdún 8. Ìyá mi ní èjí ni, ẹwà ni. Ọkọ mi fẹ́ ká fi bíréésì pa á dé. — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ tọ́jú owó yín ná. Eyín ṣóńṣó òkè kò tíì yọ ní ọdún 8. Bó bá jáde ní nǹkan bí ọdún 11 sí 12, ó máa ń ti àwọn eyín iwájú súnra, àyè náà sì lè dí fúnra rẹ̀. Bí èjí bá ṣẹ́ kù, tí bíréésì sì wá pọn dandan nítorí nǹkan mìíràn, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú pé ẹ fẹ́ kó wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á pa á dé. Ohun tí kò yẹ kó dúró ni bí ọmọ bá ṣì ń mu àtàǹpàkò, tàbí bí eyín ìsàlẹ̀ bá ń kọjá ti òkè síwájú.

Ìbéèrè: Wọ́n ní NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ò ní san owó bíréésì ọmọ mi, ọmọ ọdún 13. Mo rò pé ọ̀fẹ́ ni fún ọmọdé? — Bàbá Fẹ́mi, London

Ìdáhùn: Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, bí ọ̀ràn eyín rẹ̀ bá le tó. Ìpele 1 sí 5 ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ìpele 4 àti 5 wọlé. Eyín òkè tó yọ síwájú ju mìlímítà 6 lọ, bí àpẹẹrẹ, ti wọ ìpele 4. Ìpele 3 ń wọlé bí ìrísí eyín bá dé 6 lórí òṣùwọ̀n 10, níbi tí 10 ti burú jù. Ẹ bi wọ́n ní ìpele tí wọ́n kọ fún ọmọ yín gan-an. Bó bá jẹ́ 3, ẹ béèrè nọ́ńbà ìrísí náà pẹ̀lú, kẹ́ ẹ tó lọ bá aládàáni. Bí wọ́n bá sì gbà á, irin lásán ni NHS sábà máa ń fi síbẹ̀, ríténà tó bá sọnù sì lè di owó lọ́rùn yín.