Ọjọ́ mélòó ni ibà dengue, èyí tí ẹ̀fọn ń tàn kálẹ̀, máa ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́?

Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n àárẹ̀ rẹ̀ lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i.

Ara gbígbóná máa ń tó ọjọ́ 2 sí 7. Ẹ̀yìn ẹyinjú á máa dunni téèyàn bá yíjú wo ẹ̀gbẹ́, oríkèé á sì máa ro débi pé àtidìde lọ sílé ìwẹ̀ á diṣẹ́.

Ọjọ́ tí ara bá rọlẹ̀ ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n á ní ó ti tán, wọ́n á gba ibi iṣẹ́ lọ. Láàárín wákàtí 24 sí 48 ìgbà náà gan-an ni omi inú ẹ̀jẹ̀ lè máa jò kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí inú bá ń run gidigidi, tí èébì ò dáwọ́ dúró, tàbí tí erìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn tó ń fà á. Ìsinmi, omi àti paracetamol ni. Ní Bùràsíìlì, tí iye tí wọ́n fura sí lọ́dún 2024 ju mílíọ̀nù 6 lọ, ìlànà ìtọ́jú ní kí àgbàlagbà mu mílílítà 60 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n: ẹni kílò 70 á mu bíi lítà 4, kí ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ omi ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà). Aláìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín kò sí nínú èyí. Dókítà ni yóò díwọ̀n tiwọn. Ẹ má lo aspirin tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.