Ìhàlẹ̀ sí Ilé-Ìwé: “Nǹkan Kan Kò Ṣẹlẹ̀” Kì Í Ṣe Àwíjàre

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò wa. Òkèṣà ní Iléṣà ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 19, fi nọ́ńbà mìíràn kọ ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp àwọn òbí ilé-ìwé tí àbúrò rẹ̀ ń lọ, pé ajínigbé ni òun, pé àwọn ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ lọ ní ọjọ́ Ajé. Ó ní àwàdà ni, kí wọ́n lè sún ìdánwò síwájú. Kò ní ìbọn, kò béèrè kọ́bọ̀, ó sì ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 14, mọ̀ sí i. Àwọn ọlọ́pàá ti dé ilé-ìwé, wọ́n ní bí àwọn kò bá rí ẹni tí ó ṣe é, bàbá rẹ̀ ni àwọn yóò mú. Ọkùnrin kan tí ó ní òun mọ ènìyàn ní àgọ́ ọlọ́pàá ní kí a mú owó wá, pé níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan kò ti ṣẹlẹ̀, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ìyá wa, kì í ṣe òótọ́. Irú ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi rí ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, gbólóhùn kan náà ni àwọn tí ó béèrè sì gbára lé: “Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.” Nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí fóònù àwọn òbí, wọ́n ti kà á, ẹ̀rù sì ti bà wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni òfin ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Abala 24(2) nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015, èyí tí a mọ̀ sí Cybercrimes Act, sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù láti halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn, débi tí ẹni náà fi ń bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìhàlẹ̀ pé òun yóò jí ènìyàn gbé. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù 25 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ tún un kà, kí ẹ wo ibi tí òfin náà ti béèrè bóyá ìbọn wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, tàbí bóyá ẹnikẹ́ni dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Kò sí. Ìhàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá jí ọmọ gbé ní tòótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn.

Ní ti àwàdà, n kò ní purọ́ fún yín pé kò já mọ́ nǹkan kan níwájú adájọ́. Olùpẹjọ́ ní láti fi hàn pé ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, agbẹjọ́rò rẹ̀ sì lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá nọ́ńbà mìíràn, tí ó pe ara rẹ̀ ní ajínigbé kí ìdánwò má bàa wáyé, fẹ́ kí àwọn òbí gbà á gbọ́. Bí wọn kò bá gbà á gbọ́, ìdánwò kò ní sún. Àwàdà tí kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn ṣòro láti gbèjà. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kó ọmọbìnrin 276 lọ láti ilé-ìwé ní Chibok ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, ìyá wo ni yóò ka irú ọ̀rọ̀ yìí tí yóò rẹ́rìn-ín?

Àwọn kan tún ń tàn án kiri pé wọ́n ti fagi lé abala 24 ní ọdún 2024. Wọn kò fagi lé e. Abala kékeré àkọ́kọ́ ni wọ́n tún ṣe, tí ó fi di pé ọ̀rọ̀ irọ́ tí ó lè da ìlú rú tàbí tí ó fi ẹ̀mí sínú ewu ni ó ń bá wí báyìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó kàn bí ènìyàn nínú.

Pípa tí ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kò mú un kúrò lórí fóònù àwọn tí ó ti gbà á, nọ́ńbà náà sì ní orúkọ tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fọ́ fóònù náà tàbí kí ó sọ ọ́ nù, nítorí bíba ẹ̀rí jẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ yàtọ̀. Ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, òfin ẹ̀tọ́ ọmọ kò sì gbà kí wọ́n sọ ọmọdé sí ẹ̀wọ̀n.

Wọn kò lè mú bàbá rẹ̀ dípò rẹ̀. Abala 7 òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 kọ̀ ọ́ pátápátá. Ní ti ọkùnrin tí ó ń béèrè owó, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Kò ní agbára láti pa ẹjọ́ ọ̀daràn rẹ́. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ni irú ẹjọ́ yìí ń lọ, ní Òṣogbo ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì sanwó náà lè bá ara yín nínú ẹjọ́ tiyín. Inú máa ń bí mi sí irú àwọn ènìyàn yìí, nítorí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, wọn a sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé ilé-ẹjọ́.

Ohun tí mo kọ yìí kò lè dípò agbẹjọ́rò tí ó rí fóònù náà tí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ yín. Ẹ wá agbẹjọ́rò lónìí, ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé. Òun ni yóò kọ́kọ́ sọ bí ilé-ìwé yóò ṣe tètè mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, kí ara lè tu àwọn ọmọ àti òbí wọn. Òun náà ni yóò mú ọmọ yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin orílẹ̀-èdè wa fún un ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí náà kí ó má ṣe kọ ohunkóhun sínú ìwé kankan ṣáájú ìgbà náà. Kí ó mú fóònù náà dání bí ó ti wà. Kí ẹ sì rí i pé ó jẹun kí ẹ tó jáde nílé, nítorí ó lè pẹ́ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.