Next of kin kì í ṣe ajogún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa kú lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, wọn ò ṣe wíìlì. Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́, ìyáálé bí márùn-ún, ìyá tèmi bí méjì. Ilé kan wà ní Bọ́lọ́rundúró, oko kòkó wà lọ́nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, owó wà ní báńkì àti ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ti rà látijọ́. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló wà ní next of kin, wọ́n wá ní owó báńkì ti di tàwọn nìyẹn, káàdì ATM Bàbá ni wọ́n sì fi ń yọ ọ́. Wọ́n tún ní orí méje la jẹ́, ọ̀nà méje la máa pín ìyókù sí. Màmá mi ní àṣà kọ́ nìyẹn. Kí ni ká ṣe? (Ọmọbìnrin kan, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ẹ̀yìn Bàbá á dáa. Ẹ jẹ́ n ti báńkì bẹ̀rẹ̀ torí owó ibẹ̀ ló ń lọ báyìí. Ẹni tí wọ́n kọ sí next of kin, ẹni tí báńkì máa pè tí nǹkan bá ṣe oní-àkáùntì ni, kò sọ ọ́ di ẹni tó ni owó. Wíìlì ló lè fún un, wíìlì sì gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, kí ẹni tó ṣe é sáìn ín níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́ọ̀mù tí Bàbá kọ nígbà tí wọ́n ń ṣí àkáùntì, níbo lẹlẹ́rìí wà ńbẹ̀? Ẹ lọ sọ fún báńkì lọ́la pé oní-àkáùntì ti kú, wọ́n máa ti àkáùntì yẹn pa títí tí ẹ máa fi mú Letter of Administration, ìyẹn ìwé àṣẹ àtibójú tó ogún ẹni tó kú láìṣe wíìlì, wá. Èyí tí ẹ̀gbọ́n yín ti yọ, wọ́n máa ṣírò ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìsìnkú ni wọ́n fi ṣe, kí wọ́n kó rìsíìtì jáde, torí owó ìsìnkú tó mọ níwọ̀n àti gbèsè Bàbá ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ nínú ogún kí ẹnikẹ́ni tó pín nǹkan kan.

Lẹ́tà yẹn, rẹ́jísírì próbéètì, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wíìlì àti ogún ní Hàìkọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló ń fúnni. Ẹ mú sátífíkéètì ikú láti ọ̀dọ̀ NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn, dání, ẹ kọ gbogbo ohun tí Bàbá ní sílẹ̀, ilé, oko, nọ́ńbà àkáùntì, ṣíà, ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́ o. Orúkọ tó máa wà nínú ẹ̀ ò lè ju mẹ́rin lọ, nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì méjì láti ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa bèèrè oníduúró, wọ́n á sì gbé e síta kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó lè jáde. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá lọ dá a ṣe lẹ́yìn yín, ẹ yára lọ fi caveat, ìyẹn ìwé àtakò, síbẹ̀, oṣù mẹ́ta ló ń lò, ẹ sì lè tún òmíràn fi, wọn ò ní fún wọn ní lẹ́tà nígbà tó bá wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rin yẹn náà o, alámòójútó ni wọ́n, wọn ò gbé ogún jẹ.

Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni Bàbá fi fẹ́ àwọn méjèèjì, òótọ́ ni Màmá yín sọ, ìdí-igi ni, ìyẹn ni pé iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n máa pín in sí, kì í ṣe iye ọmọ. Wọ́n ti jà á dé Privy Council ní London, ilé-ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà yẹn, lọ́dún 1962, nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé. Baba ọ̀hún fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí, ìyẹn dọ́gba-dọ́gba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà lókè ní rárá, ìdí-igi ni àṣà wa, àfi tí ìjà bá wà tí olórí ẹbí sì rí i pé orí-ò-jorí ló máa yanjú ẹ̀. Tí wọ́n bá ta kòkó mílíọ̀nù kan náírà, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba 500,000, ẹ̀yin méjì á gba 250,000 níkọ̀ọ̀kan, àwọn márùn-ún yẹn á gba 100,000. Ó máa dùn wọ́n, mo mọ̀, Bàbá kan náà ló bí gbogbo yín, tí ẹ bá fẹ́ fún wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ jókòó sọ ọ́ bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi agbára gbà á. Pé ẹ jẹ́ obìnrin ò dín ìpín yín kù rárá. Ẹ̀gbọ́n yín ni dáwódù, ìyẹn ọmọ àgbà, wọ́n lè jẹ́ olórí ẹbí, wọn ò lè dá ilé tà.

ÌBÉÈRÈ: Opó ni mí, ní Ilé-Ifẹ̀. Mo fẹ́ ṣe wíìlì kí ilé tí mo kọ́ jẹ́ ti àbíkẹ́yìn mi obìnrin, òun náà ló ní òun máa sáìn bí ẹlẹ́rìí. Ṣé mo lè kọ yàrá mi nílé bàbá wa ní Ìrémọ mọ́ ọn?

ÌDÁHÙN: Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kó sáìn o! Ẹlẹ́rìí tó bá jogún nínú wíìlì máa pàdánù ohun tí wọ́n fún un, ọkọ ẹ̀ náà ò sì gbọdọ̀ sáìn. Ti Ìrémọ, ilé ẹbí ni, ẹ̀tọ́ àtigbé ibẹ̀ lẹ ní, ẹ ò lè fi tọrẹ. Ẹ wá aládùúgbò méjì tí ò jogún nǹkan kan, kí wọ́n jọ jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń sáìn, kí àwọn náà sáìn níwájú yín, lẹ́yìn náà ẹ gbé wíìlì lọ fi pamọ́ sí rẹ́jísírì próbéètì, kí ẹ sọ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán pé ibẹ̀ ló wà.